Adé Àjàyí ti lọ, ìtàn kò gbọdọ̀ bá a lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kàkà kó wo ẹ̀yìn kó mọ ohun tó gbé e ṣubú, ńṣe ló ń gbọn eruku nù tó tún ń sáré lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Festus Adéníyì Adé Àjàyí kò fi kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni bàbá ti re ibi àgbà ń rè.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n ti bí i ní 1929. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Igbobi College l'Ékòó, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé san ló gbé e débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: owó ìlú ló rán ọmọ náà níwèé. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó kọjá sí Leicester àti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1958 láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn.

Lásìkò yẹn, àwọn òyìnbó kan ń sọ ní gbangba pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, sọ pé ìtàn òyìnbó nílẹ̀ Áfíríkà nìkan ló wà, òkùnkùn ni ìyókù. Àjàyí kò pariwo. Ìwé ló fi dá wọn lóhùn. Òun, Kenneth Dike, Sàbúrì Bíòbákú àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ohun tó wà lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà ìlú tó gbé yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ sílẹ̀.

Ní 1964, òun àti Robert Smith gbé ìwé jáde lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ka ohun tí Àjàyí kọ níbẹ̀ lórí ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, yóò rí i pé kì í ṣe àwọn ẹhànnà ló kàn ń pa ara wọn. Kúrunmí kò gbà kí Adélù jọba lẹ́yìn Àtìbà bàbá rẹ̀, torí àṣà Ọ̀yọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ọ̀rọ̀ òfin àti ipò ló di ogun.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lókìkí jù ni pé ìjọba amúnisìn kò ju orí kan lọ nínú ìwé ìtàn wa tó gùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 1892 ni òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, 1960 ni a gba òmìnira. Ọdún méjìdínláàádọ́rin péré, ọjọ́ ayé ẹnì kan ṣoṣo! Àwọn kan kò gbà fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, tí òun náà kọ́ni n'Ìbàdàn, ní ohun tí òyìnbó ṣe jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Àjàyí ni pé a kò lè máa di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó títí ayé. Ẹni tó ni ìtàn ló ni ẹrù inú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ayé rọ̀ fún un. Ó di gíwá Yunifásítì Èkó ní 1972. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn ní 1978 lórí owó tí ìjọba fi kún oúnjẹ àti ibùgbé wọn, ìbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìjọba ológun sì yọ Àjàyí nípò. Ibi tó padà sí ni kíláàsì n'Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1989. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì pàápàá, ó tún kọ̀wé lórí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther.

Ohun tó dùn mí nìyí. Ní nǹkan bí 2009, ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní 2018 ni wọ́n ní kí wọ́n dá a padà. Bàbá wà láàyè nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Kò sí láàyè nígbà tí wọ́n pè é padà. Ṣùgbọ́n àṣẹ kì í kọ́ ọmọ níwèé, olùkọ́ ní í kọ́ ọ. Bí a bá pa ẹ̀kọ́ kan tì fún ọdún mẹ́sàn-án, ta ni yóò kọ́ àwọn tí yóò wá kọ́ni?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, gbogbo ọdún lẹ ń dá owó fún ayẹyẹ ọjọ́ ìlú. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi rán ọmọ kan péré lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Ìkọ̀lé ṣe é nígbà tí owó kò pọ̀ tó báyìí, gbogbo Áfíríkà ló sì jèrè rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí màmá àgbà bá ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yín dó, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì mú gègé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ pé àlejò ni yóò máa júwe ilé bàbá wa fún wa.