Yàrá Iṣẹ́ Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣílẹ̀kùn Fún Gbogbo Èèyàn

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí dá lórí yàrá iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Tábìlì wà níbẹ̀, àga wà, íńtánẹ́ẹ̀tì wà, sólà sì ń gbé iná. Èèyàn ló kù. Tábìlì méjìlá la tò síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kún jù, mẹ́rin péré ni èèyàn ń jókòó sí. Bí nǹkan bá ń lọ báyìí, àpò ẹgbẹ́ kò ní lè gbé e kọjá ọdún yìí.

Àwọn kan ṣì ń béèrè pé kí la fẹ́ fi í ṣe. Ibi tí oníkálukú ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni, àmọ́ tí gbogbo wọn jọ ń dá owó iná, owó íńtánẹ́ẹ̀tì àti owó ilé. Ní San Francisco, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lọ́dún 2005. Ní Yaba, l'Ékòó, CcHub wà. Ibẹ̀ ni Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, kọ́kọ́ yà sí nígbà tó wá sí Nàìjíríà lóṣù kẹjọ ọdún 2016. Ní Kaduna níbí náà, àwọn ọ̀dọ́ ti dá CoLab sílẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Àáró táwọn baba wa ń ṣe lóko jọ ọ́: oko lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, agbára pọ̀.

Ìgbà tá a wà yìí gan-an la nílò rẹ̀. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò rówó jẹnẹrétọ̀ dá gbé mọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbówó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Bí àwọn ọmọ wa ò bá ríbi ṣiṣẹ́ níbí, Àbújá tàbí Èkó ni wọ́n ń gbà lọ.

Báwo la ṣe máa rí wọn? Àkọ́kọ́, owó oṣù mẹ́ta tí à ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń lé èèyàn sá. Ẹni tó ń ta gàrí kì í ní kí oníbàárà san owó àpò kan kó tó tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ ká fún ẹni tuntun ní ọjọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa san owó ọjọ́, títí tí yóò fi lè san ti oṣù.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ariwo. Ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò lè gbọ́ràn bí wọ́n bá ń lù jùjú lẹ́yìn ògiri. Kí á má ṣe yá gbọ̀ngàn fún ìnáwó lọ́sàn-án, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn obìnrin. Kí iná wà lójú ọ̀nà, kí á sì ti yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú púpọ̀. Ìyá kan kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin òun wá síbi tí ọkàn òun kò balẹ̀ sí.

Èyí tó le jù ló kù. Àwọn àgbà kan sọ ní ìpàdé pé owó ọmọ Yorùbá la fi ṣe é, ọmọ Yorùbá nìkan ni kó sì lò ó. A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí a mọ bí wọ́n ṣe dá owó náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé látìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti kó lọ sí àríwá odò Kaduna, ọ̀pọ̀ Kristẹni sì kó lọ sí gúúsù. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà lè dàgbà láì ní ọ̀rẹ́ kankan ní òdìkejì odò. Ní ilé Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Bí àwa ò bá ṣílẹ̀kùn, ta ni yóò ṣí i?

Èrè tún wà níbẹ̀. Ọmọ wa tó mọ ìṣirò owó ń wá oníṣòwò. Ọmọ Hausa tó ń ta ọkà ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe ìwé ìṣirò. Bí wọ́n bá jókòó sí tábìlì kan náà, iṣẹ́ ti délẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ṣì ni ilé, kí ọmọ ẹgbẹ́ gba ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bá san owó ríbi jókòó.

Ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wá o, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì mú ọ̀dọ́ kan dání. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.