Agbọ́n kékeré tó gba ẹ̀gẹ́ wa sílẹ̀, àti oògùn tí à ń fi pa á

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìwó dé Kúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí oko ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń yan gàrí, àwọn tó ń sá láfún, àwọn tó ń rẹ fùfú, òun ni gbogbo wọn gbójú lé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáko lágbègbè náà ló mọ̀ pé ìgbà kan wà tí jìnnìjìnnì bá àwọn àgbẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà pé ẹ̀gẹ́ fẹ́ẹ́ parun, tó sì jẹ́ pé agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì ló dáàbò bò ó?

Ní ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí kòkòrò náà ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville. Kòkòrò kékeré ni, ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ láfún sí i lára. Ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló máa ń fà mu. Ewé á ká jọ, ọ̀mùnú á sì kúrú, igi ẹ̀gẹ́ kò ní í lè ga mọ́. Obìnrin ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó bímọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ kíákíá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọdún 1979 tó parí, ó ti wọ Nàìjíríà. Níbi tó ti ṣọṣẹ́ jù, àgbẹ̀ lè pàdánù tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìkórè rẹ̀. Ní Kóńgò, ewé ẹ̀gẹ́ tí àwọn èèyàn ń sè bí ẹ̀fọ́ náà kò sì ṣeé rí já mọ́.

Ẹ rántí pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá. Kòkòrò yìí tẹ̀lé e dé lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tó máa ń pa á kò bá a wá. Hans Rudolf Herren, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, sọ pé kí wọ́n lọ wá àwọn ọ̀tá náà níbi tí kòkòrò ti wá.

Wíwá náà kò rọrùn rárá. Wọ́n wá a ní Mexico, wọ́n wá a ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n tilẹ̀ rí kòkòrò kan tó jọ ọ́, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, àṣé irú mìíràn ni. Àwọn agbọ́n tó ń pa ìyẹn kò bìkítà fún tiwa. (Orúkọ Herren ni wọ́n padà fi sọ kòkòrò àṣìmú náà.) Ọdún 1981 ni wọ́n tó rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, agbọ́n tó ń pa á sì wà níbẹ̀. Wọn ò kó o wá sílé tààrà o. London ni wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ, wọ́n sé e mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní í di wàhálà fún ohun ọ̀gbìn mìíràn, kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn. Inú ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń dà á sórí oko láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ọ̀nà tí agbọ́n àfòmọ́ yìí ń gbà ṣiṣẹ́ yani lẹ́nu. Abo rẹ̀ á ki ẹyin bọ inú kòkòrò funfun náà láàyè. Ẹyin á pa, ọmọ agbọ́n á máa jẹ ẹran ara olóńjẹ rẹ̀ láti inú, títí kòkòrò á fi gan, tí á sì di pálapàla aláwọ̀ ilẹ̀. Agbọ́n tuntun á wá dá ihò sí i lára, á jáde, á sì wá òmíràn lọ. Kò sí àgbẹ̀ tó san kọ́bọ̀. Ní 1988, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ṣírò rẹ̀ pé náírà kan tí wọ́n ná mú èrè bíi náírà 149 wọlé. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Nígbà tí kòkòrò kan náà sì ya wọ Thailand, ẹ̀ka IITA tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti gba agbọ́n náà ní 2009.

Kí ló wá dé tí a ò fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lóko wa mọ́? Lójú tèmi, ìdí kan ni pé kò sẹ́ni tó lè rọ agbọ́n sínú ìgò kó gbé e lọ sọ́jà. Oògùn apakòkòrò ní olùtajà, ó ní ẹni tó ń polówó rẹ̀ lórí rédíò. Agbọ́n kò ní. Àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àgbẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà ẹni tó ń ta oògùn ló di olùkọ́.

Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé oògùn kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Àwọn onímọ̀ IITA fúnra wọn ti dán an wò nígbà náà: níbi tí wọ́n fọ́n oògùn sí, agbọ́n kú, kòkòrò funfun sì pọ̀ ju ti oko tí wọn ò fọ́n nǹkan kan sí lọ. Ìyà àṣejù wa pẹ̀lú oògùn ti kan ọjà wa náà. Láti 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà wa nítorí oògùn tó wà lára rẹ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn dichlorvos, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Sniper.

Èmi kò sọ pé agbọ́n ń wo gbogbo àrùn sàn. Níbi tí ilẹ̀ ti ṣá, tó jẹ́ iyanrìn, tí koríko kò bò ó, ẹ̀gẹ́ kò lágbára, iṣẹ́ agbọ́n náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Kòkòrò fall armyworm tó ń jẹ àgbàdo, tó yọjú sí Nàìjíríà ní 2016, ṣì ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n ti rí agbọ́n kan, Telenomus remus, tó ń fi ẹyin kòkòrò náà ṣe oúnjẹ, ní Benin, Niger àti Côte d'Ivoire. Ìgò oògùn ni a máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ bi àwọn tó wà ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Ìwó, léèrè ohun tó ti wà nílẹ̀.

Kí àgbẹ̀ Kúta tó gbé agolo ìfọ́nràn kọ́ ẹ̀yìn, kó já ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ bíi mẹ́wàá, kó sì wo àwọn kòkòrò funfun tó wà lára rẹ̀. Bó bá rí èyí tó ti gan, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ihò kékeré wà lára rẹ̀, agbọ́n ti dé ibẹ̀. Kó gbé agolo náà padà sílé.