Nọ́ńbà Ooru Láìsí Ìtàn Rẹ̀, Ilẹ̀ Láìsí Ìwé Ni

Ta ló máa ra ilẹ̀ l'Ékòó láìbéèrè ìwé? Tí ẹni tó ń tà á bá kàn nawọ́ sí ojú ilẹ̀ náà, a ó bi í pé: ibo ni ààlà wà? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ṣé ìjọba ò tíì gbẹ́sẹ̀ lé e? Àmọ́ tó bá kan dátà (mi ò sọ èyí tí à ń rà sórí fóònù o, nọ́ńbà ooru àti òjò ìlú ni mò ń sọ), ohun tí wọ́n bá sáà ti gbé fún wa la máa ń gbà, a ó sì dúpẹ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ kan fẹ́ fi hàn pé àdúgbò tí èrò pọ̀ sí, tí kò ní igi, máa ń gbóná ju àdúgbò àwọn olówó lọ. A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan, wọ́n fi fáìlì kan ránṣẹ́: déètì, aago, nọ́ńbà. Ó tán. A ṣe ìṣirò, a ya àwòrán, inú wa dùn. Ọjọ́ tí a gbé e dé iwájú àwọn aláṣẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹnìkan bi wá: "Ibo ni wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí sí?" A ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ìpàdé parí sí. A ò parọ́ o. Àwọn tó ń sùn nínú yàrá gbígbóná ṣì wà níbẹ̀. A kàn ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni.

Ohun tí a ò béèrè yẹn làwọn onímọ̀ ń pè ní metadata: àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí dátà ti wá, ìgbà tí wọ́n gbà á, ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Bí ìwé ilẹ̀ ló rí. Láìsí i, nọ́ńbà ò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ wà. Ìlànà WMO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, ni pé kí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru afẹ́fẹ́ ga tó mítà 1.25 sí 2 sókè ilẹ̀, kí oòrùn má sì máa pa á tààrà. Èyí tí wọ́n gbé sórí òrùlé páànù máa sọ ìtàn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ibùdó NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, sì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ooru pápákọ̀ Ìkẹjà nìkan ò lè sọ bí alẹ́ ṣe rí fún ẹni tó ń gbé ní Mushin tàbí Makoko.

Sátẹ́láìtì náà ní tiẹ̀. Ooru ojú ilẹ̀, ti páànù àti ti títì ọlọ́dà ni Landsat ń wọ̀n, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Àárọ̀ ló sì máa ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ alẹ́ gan-an ni kọnkéré àti ọ̀dà máa ń tú ooru tí wọ́n ti gbà lọ́sàn-án sílẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 200 ọdún tí Luke Howard ti ṣàkíyèsí ní London pé òru ìlú máa ń gbóná ju ti ìgbèríko lọ. Ẹni tó bá fi àwòrán àárọ̀ jà fún ẹni tí ooru ò jẹ́ kó sùn lóru, ẹ̀rí tí ò bá ẹjọ́ mu ló gbé wá.

Aago ńkọ́? Ọ̀pọ̀ dátà ojú ọjọ́ ni wọ́n fi aago UTC kọ, tiwa sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Òjò tó rọ̀ níbí ní aago 12:30 òru May 1, April 30 ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa kọ. Tí ẹjọ́ bá dá lórí ọjọ́ tí àgbàrá ya wọlé onílé, wàhálà dé nìyẹn. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà bíi -999 sí ibi tí ẹ̀rọ ò ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ò mọ̀, tó lọ rò ó pọ̀ mọ́ ìyókù, á sọ Èkó di ìlú yìnyín.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin FOI ti ọdún 2011 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, a ò sì ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un tí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Ní April 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ òfin ò ní bá yín kọ lẹ́tà. Nínú lẹ́tà kan náà tí ẹ fi béèrè nọ́ńbà, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀rọ wà, bó ṣe ga tó àti ohun tó yí i ká. Aago tí wọ́n lò. Àmì tí wọ́n fi sí ibi tí dátà ò sí. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí gbé e kúrò. Àti ohun tí wọ́n gbà kí ẹ fi dátà náà ṣe.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ ti tún dé. Ṣé kí wọ́n tún rí àwáwí fi dá wa dúró ni?" Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa sọ pé àwọn ò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìjọba tó náwó lórí ẹ̀rọ, tí ò wá mọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ìyẹn gan-an ti tó ìròyìn.

Irú nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọ́n máa gbin igi sí, gọ́tà tí wọ́n máa kọ́kọ́ tún ṣe, àti àdúgbò tí wọ́n máa ní kó kó kúrò. Tí a ò bá lè sọ ibi tí nọ́ńbà tiwa ti wá, ti ẹlòmíì ni wọ́n máa lò. Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ẹni tó béèrè ìdajì, ìdajì ọ̀nà ló máa bá ara ẹ̀.