Ta ni wọ́n ń kọ lẹ́sìn nóòtì fún?

Lọ́dún tí mo sin ìjọba gẹ́gẹ́ bíi agùnbánirọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú kékeré kan ni wọ́n gbé mi lọ. Ìmọ̀ òfin ni mo kà, mi ò ṣe tíṣà rí. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Civic Education. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ àgbà kan na lẹ́sìn nóòtì ọdún tó kọjá sí mi. Ó ní, "Kọ́pà, dà á kọ, kí o yí déètì ẹ̀ padà. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i." Mo dà á kọ. Ọ̀gá fọwọ́ sí i lóòótọ́, ó tún lu òǹtẹ̀ lé e.

Abala kan wà nínú ìwé yẹn tí wọ́n ń pè ní "Previous Knowledge", ìyẹn ohun tí àwọn ọmọ ti mọ̀ kí olùkọ́ tó dé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́ nípa ìjọba tó ń tẹ̀lé òfin rí. Irọ́ ni. Mi ò bi ẹnì kankan nínú wọn.

Ni mo bá wọ kíláàsì, mo kọ orúkọ A. V. Dicey, onímọ̀ òfin ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1885, sára pátákó, pẹ̀lú kókó mẹ́ta rẹ̀. Wọ́n dà á kọ. Mo ní kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Kẹ́kẹ́ pa.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀kadà tó gbé mi bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ bá àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì jà ní oríta. Mo dé kíláàsì, mo bi wọ́n ní Yorùbá pé: "Ṣé alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà náà máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Ariwo ta! Ọmọkùnrin kan tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ló dìde. Ó máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun ọ̀kadà tí wọ́n bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ó to orúkọ àwọn tí kì í san owó fún wa. Ọmọbìnrin kan wá bèèrè pé, "Tí alága ò bá wá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló máa mú un?"

Kókó kejì Dicey gan-an nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó padà sí pátákó, tí a sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí WAEC ò ní bi wọ́n ní Yorùbá.

Kì í ṣe tuntun o. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ ohun tí àwọn tíṣà máa sọ. Owó oṣù ò tó nǹkan, èrò sì pọ̀ jù ní kíláàsì. Ìlànà ìjọba ní kí ọmọ 35 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tèmi ní girama lé ní 70. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí mò ń bá wí gan-an ni ẹni tó ń lu òǹtẹ̀. Ìwé ló ń yẹ̀ wò, kò yẹ ọmọ wò. Tíṣà tó bá kọ ojú ewé mẹ́jọ tó mọ́ fínnífínní ló ń yìn, bí kíláàsì rẹ̀ tilẹ̀ ń sùn.

Ẹ dín lẹ́sìn nóòtì kù sí ojú ewé kan. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè tó bi àwọn ọmọ àti ìdáhùn tí wọ́n fún un síbẹ̀ dípò "Previous Knowledge". Kí ọ̀gá tàbí alábẹ̀wò wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì fún ìṣẹ́jú 15, kó mú ọmọ kan, kó bi í ní ohun tí wọ́n ń kọ́.

Olùkọ́ àgbà yẹn ti fẹ̀yìntì báyìí. Lẹ́sìn nóòtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo gbọ́ pé àwọn kọ́pà tuntun ṣì ń dà á kọ.