Ẹ Má Ta 1-6 Yín Nítorí 1-10

Ẹni tó bá ní awò Vortex Razor HD 1-6x24 lórí ìbọn rẹ̀, tó wá ń polówó rẹ̀ kiri kí ó lè fowó kún owó ra 1-10x24, kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi ṣàwàdà. Láti 2020 tí Vortex ti gbé ìran kẹta Razor, ìyẹn 1-10, jáde ni ọ̀pọ̀ ọdẹ àti ayìnbọn Amẹ́ríkà ti ń ta èyí tó dára lọ́wọ́ wọn láti fi ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń rà, wọn ò ra ojú. Bí ẹnìkan bá ní owó olówó ni, kí ló kàn mí, ó kàn mí: ohun tí ọjà bá ń sanwó fún ni ilé iṣẹ́ máa ń ṣe. Tí a bá ń sanwó fún nọ́ńbà, nọ́ńbà ni wọ́n á máa ṣe fún wa títí.

Fún ẹni tí kò mọ irú awò yìí, kì í ṣe ti ayìnbọn tó dọ̀bálẹ̀ sórí òkè láti àárọ̀. Orí ìbọn kúkurú bíi AR-15 ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Tí a bá yí òrùka rẹ̀ sí 1, bí ojú lásán ṣe ń rí nǹkan ni awò náà ṣe máa fi hàn. A ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, iná pupa kékeré á máa tàn láàárín. Tí a bá yí i dé òpin, ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sún mọ́ wa. Àwọn ọdẹ Jámánì ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí wọ́n ń lé jáde láti inú igbó. Ẹranko náà á yọ lójijì, á sáré kọjá nítòsí, kò sí àyè pé à ń wá a kiri nínú gíláàsì. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn: kí ó yára nítòsí ná, kí ó tó wá ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe lọ́ọ̀ọ́kán. Lórí 1 yẹn, kí ni tuntun fi ju ti àtijọ́ lọ? Ní 100 yáàdì, ìran kejì, ìyẹn 1-6, ń fi ẹsẹ̀ bàtà 115 hàn láti ọ̀tún dé òsì, ìran kẹta ń fi 116 hàn. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ méjèèjì ni kí ẹ wò: 24. Fífẹ̀ gíláàsì iwájú ni, ní mìlímítà. Kò yí padà láti ìran kejì sí ìran kẹta, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ pín 24 sí ọ̀nà 6, ẹ ó rí 4: ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn awò wá bá ojú. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10, ó di 2.4. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó yọ awò náà kúrò lórí ìbọn, kí ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀, kí ó kọjú rẹ̀ sí ibi tó mọ́lẹ̀. Á rí ìmọ́lẹ̀ roboto kan nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Bó bá ṣe ń yí òrùka lọ sí òpin ni roboto náà á máa kéré sí i.

Ọmọlójú ní láti bọ́ sínú roboto yẹn kí a tó rí ohunkóhun. Tó bá fẹ̀, orí lè yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè má jókòó dáadáa sórí ìdí ìbọn, a ó ṣì máa ríran. Tó bá jẹ́ 2.4, mímí lásán tó láti mú kí òkùnkùn máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Lórí tábìlì pápá ìyìnbọn, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀: àpò iyanrìn wà lábẹ́ ìbọn, àga wà lábẹ́ ìdí. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń dán 1-10 wò tí wọ́n fi ń pariwo pé ó dára. Kí wọ́n sáré díẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kí ọkàn máa lù kì-kì-kì, kí wọ́n wá yí i sí 10. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó bá wa sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló tún burú jù. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó máa ń jáde wá ba oko jẹ́ ní Texas, níbi tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 2. Ní àsìkò yẹn ọmọlójú ti là ju mìlímítà 4 lọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó wà lórí 10 á rí i pé àwòrán ti ṣókùnkùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wálẹ̀. Títí dé ibo? Títí dé 6, bí kò bá tiẹ̀ rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó 1-10 ló san, 1-6 ló ń lò.

Wọ́n á ní, ṣé kò wá dára kéèyàn rí ọ̀ọ́kán ni? Ọ̀ọ́kán wo? Ẹ jẹ́ ká mú 300 yáàdì, tó ti jìnnà púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi AR-15 dọdẹ. Lórí 6, ẹranko ibẹ̀ á rí bí ẹni pé 50 yáàdì ló wà. Lórí 10, bí ẹni pé 30 ló wà. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti ba ẹranko ní 50 yáàdì, 30 kọ́ ni yóò là á lójú. Gbígbọ̀n ọwọ́ náà á sì di ìlọ́po 10. Àmì á máa jó lára ẹranko, olúwarẹ̀ á máa dúró dè é kí ó dákẹ́, ẹranko ò ní dúró dè é.

Ti àmì inú awò nìkan ni àríyànjiyàn wọn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìran kẹta, àmì náà máa ń tóbi, ó sì máa ń kéré pẹ̀lú àwòrán, nítorí náà àwọn ìlà tó wà lábẹ́ àárín, tí a fi ń ṣírò bí ọta ṣe ń jábọ̀ lọ́nà jíjìn, máa ń pé níbikíbi tí òrùka bá wà. Nínú ìran kejì, àmì náà kì í yí padà, orí 6 nìkan ni ìlà wọ̀nyẹn ti pé. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lèèyàn ń nílò wọn? Ìgbà tí nǹkan bá jìnnà. Bí nǹkan bá jìnnà, ibo ni òrùka máa wà? Lórí 6, ní òpin, níbi tí wọ́n ti pé gẹ́lẹ́. Ta ló ń dá òrùka dúró sí 3 láti yìnbọn sí ohun tó wà ní 400 yáàdì?

Ohun tí wọ́n sì fi rà á, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ yí ìran kẹta wá sí 1, gbogbo ìlà yẹn á tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Iná pupa àárín ló kù tí ojú lè tètè mú. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, ojú á máa wá àmì kiri nínú koríko. Nínú ti àtijọ́, àmì dúdú nípọn lórí 1 bó ṣe nípọn lórí 6. Kí bátìrì kú, iṣẹ́ ń lọ.

Wọ́n tún máa ń fi ológun dẹ́rù bani: ṣebí ìjọba Amẹ́ríkà náà ti kúrò lórí 6. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ní 2020, ẹgbẹ́ ológun Marine Corps mú awò Trijicon VCOG 1-8x28. Ní oṣù kìíní 2022, ọmọ ogun orí ilẹ̀ gbé iṣẹ́ awò XM157 fún Vortex kan náà yìí, tó lè tó 250,000 láàárín ọdún 10. 1-8x30 ni, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà jíjìn àti kọ̀ǹpútà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i? 28, 30. Bí nọ́ńbà ti lọ sí 8, gíláàsì iwájú fẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ pín wọn: 3.5 àti 3.75, kò jìnnà sí 4 tí 1-6 ń fún wa. Àwọn méjèèjì kò sì dé 10. Ìbọn M110A1 tí wọ́n gbé fún ayìnbọn àṣàyàn inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tí wọ́n ń retí pé kí ó ba nǹkan ní 600 mítà ńkọ́? Sig Sauer Tango6T ló wà lórí rẹ̀. 1-6x24.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó gbó ni mò ń gbè lẹ́yìn o. Awò Vortex Viper PST 1-4x24 ìran kìíní, iná àárín rẹ̀ kò lè bá oòrùn ọ̀sán jà. Ẹni tó bá ní in kí ó tà á, kí ó má wẹ̀yìn. Razor 1-6 tó kọ́kọ́ jáde nínú ìran kejì náà wúwo: 714 gíráàmù. Vortex wá ṣe èyí tí wọ́n fi E kún orúkọ rẹ̀, wọ́n yọ bíi 100 gíráàmù kúrò lára rẹ̀, ó di 610, ó ṣì jẹ́ 1-6x24. Ìyẹn ni mo ń pè ní àtúnṣe, ìpààrọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sí sì nìyẹn. 610 náà ni 1-10 wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 34, ti 1-6 sì jẹ́ 30. Ìdè tó di awò mú lórí ìbọn yín kò ní gbà á, ẹ ó tún ra ìdè, ìdè tó dára kì í sì í ṣe owó kékeré. Ìyàtọ̀ owó awò méjèèjì pẹ̀lú owó ìdè á ra ọta tó lè sọ aláìmọ̀ọ́yìn di ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn.

Ẹni tí kò bá ní ìkankan nínú méjèèjì, kí ó lọ ra 1-6 àlòkù, àwọn tó ń sá lọ sí 10 ló ń tà á. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án gangan. Ẹ tan iná àárín dé òpin, ẹ fi wo ògiri funfun tí oòrùn ń pa. Tí ojú ò bá tètè mú pupa yẹn, ẹ máa lọ ilé. Ẹ yí òrùka láti 1 dé 6, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ha. Àpá ìdè lára ọ̀pá kò bà á jẹ́, ẹ kàn fi ná owó wálẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ti sọ ìwé tí òun fi rà á nù, kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù: wàráǹtì Vortex ń tẹ̀lé awò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í sì í béèrè ìwé kí wọ́n tó tún un ṣe.