Èdè Ìsàlẹ̀ Kì í Ṣe Èdè Yẹpẹrẹ

Bí àlejò bá dé Òṣogbo tí ó gbọ́ orúkọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ọmọ ìlú tí yóò wí fún un pé àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ ni ó ń gbé ibẹ̀. Apá odò ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó sún mọ́ omi.

Òye yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí mú lò fún àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Bí atúmọ̀ bá pe èyí tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ jù ní ‘èdè onípò rírẹlẹ̀’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé èdè àwọn tí kò mọṣẹ́ ni, yóò sì sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí.

Ẹ wo PL360, èyí tí Niklaus Wirth gbé jáde ní 1968 fún ẹ̀rọ IBM System/360. Díẹ̀ ni ó fi ga ju èdè asẹ́ńbílì lọ. Ẹni tí ń kọ ọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ yan rẹ́jísítà, ìyẹn àyè kékeré tí ẹ̀rọ fi ń di nọ́ńbà mú nígbà tí ó bá ń ṣírò. Bí ó bá kọ R1 := R2 + R3, ó mọ̀ dájú pé àṣẹ méjì ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé: kí ó gbé ohun tí ó wà nínú R2 sí R1, kí ó sì fi ti R3 kún un. Òǹkọ̀wé èdè òkè kì í sábà mọ èyí.

Yorlang, tí Anuoluwapo Karounwi ṣe, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ Yorùbá lè di àṣẹ. Ṣùgbọ́n èdè òkè ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú fo àmì ohùn. ‘Fi kún’ jẹ́ àṣẹ ìṣirò; ‘fi kùn’, iṣẹ́ akunlé ni. Bákan náà, ojú ènìyàn lè rí ọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ̀rọ rí i ní oríṣi méjì: ọ tí a fi àmì ohùn lé lórí, tàbí ò tí a fi àmì sí ní ìdí. Èdè náà gbọ́dọ̀ sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó ka àṣẹ kankan.

Àwọn kan lè wí pé ‘ìsàlẹ̀’ pàápàá ní àbùkù nínú. Kí wọ́n rántí pé ‘ohùn ìsàlẹ̀’ ti wà nínú ìwé gírámà láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí olùkọ́ tí ó ka ohùn náà sí ẹrú ohùn òkè. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, ‘èdè ìsàlẹ̀’ àti ‘èdè òkè’ ni ó tọ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ.