ÀWỌN AKỌ̀RÒYÌN TÍ YUNIFÁSÍTÌ Ń KỌ́ FÚN WA

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin Ọba, ẹ̀yin Ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹ̀rín kọjá. Lọ́dọọdún ni àwọn yunifásítì tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi oyè dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ lọ́lá nínú ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ìgbéròyìnjáde. A ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, a ń pa ẹran, a ń lu ìlù. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ọ̀kan nínú wọn kí ó dúró níwájú àgbà ìlú kan, kí ó sì ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣe ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ já sínú koríko. A kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Àwọn tí ó kọ́ ọ ni a ń bá wí, àti àwọn òbí tí ó san owó ọdún mẹ́rin láì bèèrè ohun tí a ń fi owó náà kọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Yorùbá ni a sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá a jókòó. Ẹ kíyè sí i: Òyìnbó ni ẹni náà, síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ kí Ẹ̀gbá gbọ́ tòun, èdè tí Ẹ̀gbá ń sọ ni òun yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwé náà dópin ní 1867, nígbà tí Ìfọ́lé dé tí a lé àwọn Òyìnbó kúrò nílùú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a lọ. Ní Èkó, Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Akéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tì Ọfẹ jáde ní 1923. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá dá Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Ní 1928 ni Isaac B. Thomas sì gbé Akéde Èkó jáde, nínú èyí tí ó ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, títí àwọn òǹkàwé fi gbàgbọ́ pé obìnrin kan wà láàyè ní tòótọ́ tí ń kọ àwọn lẹ́tà náà. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ti Ìbàdàn kò dé títí di 1948. Àwọn baba wọ̀nyí kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ṣe é ní èdè wọn, ní ojú ìjọba Òyìnbó.

Nígbà tí Nnamdi Azikiwe, oníwèé ìròyìn fúnra rẹ̀, dá yunifásítì sílẹ̀ ní Nsukka, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìgbéròyìnjáde sí abẹ́ òrùlé yunifásítì ní Nàìjíríà, ní 1961. A sì fi orúkọ Jackson ti Lagos Weekly Record pe ẹ̀ka náà. Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e láìpẹ́, lẹ́yìn náà ó di bí òjò. Ní nǹkan bí ọdún 2019 sí 2020, àjọ tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì pa á láṣẹ pé kí a tú ẹ̀kọ́ náà sí ọ̀nà méje, kí ìgbéròyìnjáde dá dúró, kí ìpolówó ọjà dá dúró, kí ti asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán dá dúró, kí ti sinimá dá dúró, àti àwọn yòókù. Ọ̀nà méje! Nínú méjèèje kò sí ọ̀kan tí a pè ní ìgbéròyìnjáde ní èdè abínibí. Ẹni tí kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi àmì ohùn sí orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́ yóò wọlé, yóò jáde, ó sì lè gba ipò kìn-ín-ní.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ wọn? A kò gàn án, nítorí ohun rere wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn pé Harold Lasswell, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ní 1948, fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò yóò bèèrè ẹni tí ó sọ ọ́, ohun tí ó sọ, ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́, ẹni tí ó sọ ọ́ fún, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀. Ọgbọ́n ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ náà pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń fi ọgbọ́n yìí rán àrokò kí a tó bí Lasswell? Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ní ojúkojú, ọ̀rẹ́ ni. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, ìjà dé. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, wí fún ẹni tí ó gbà á pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, wí fún un pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ jọ. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e lọ lè má mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun. Bí ọ̀tá bá sì gbà á lọ́nà, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó gbé láàrin wa, rí i pé ó tó ohun tí à ń kọ̀wé lé lórí, ó sì gbé àlàyé rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kà á. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lónìí ni ó ti fojú kan àrokò?

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi ìlù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Ohùn nìkan ni ó ní, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Lójú ìyá ìlù, ilé, igbá àti ọkọ́ jẹ́ ohùn kan náà. Bí àyàn bá lu ọ̀kan ṣoṣo, ta ni yóò mọ èyí tí ó ń wí? Nítorí náà àyàn kì í lu ọ̀rọ̀ kan ní ìhòòhò. Yóò fi oríkì wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò fi òwe tì í lẹ́yìn, yóò tún un sọ, kí etí lè mọ̀ ọ́n láàrin ariwo ọjà àti ẹsẹ̀ àwọn oníjó. Ní 1948 kan náà ni Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe lè la ariwo kọjá lórí okùn tẹlifóònù: pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ní àlékún, tí apá kan rẹ̀ ń ran apá kejì lọ́wọ́, ariwo kò lè tètè bà á jẹ́. Ìmọ̀ ńlá ni, lórí rẹ̀ ni a kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ayé òde òní. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò pe àyàn kan wọ inú kíláàsì, yóò ní kí ó lu orúkọ kan láìní oríkì, kí ó sì tún lu ú pẹ̀lú oríkì, gbogbo ọmọ yóò sì lóye Shannon kí agogo tó lù. Ní ibi púpọ̀ lónìí, ọjọ́ ìgboyè nìkan ni àyàn ń wọ inú ọgbà yunifásítì, wọn a lẹ owó mọ́ ọn níwájú, wọn a sì ní kí ó máa lọ.

Èso rẹ̀ ń dé sí etí wa lójoojúmọ́. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ ní ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì kan tí n kò ní dárúkọ, pé Ọba aládé kan “kú”. Ó kú! Wọn kò kọ́ ọmọ náà pé Ọba a máa wàjà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìròyìn náà fún un, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń ka iye àpò sìmẹ́ǹtì. Òmíràn a ní “ní òpin ọjọ́, ìjọba yóò ṣe ọ̀nà náà,” bàbá àgbà tí ń gbọ́ ọ yóò sì máa retí kí oòrùn wọ̀. Bí iye bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kà á, bí ẹni pé a kò ní ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ nínú èdè wa, àwa tí àwọn ìyá wa ń ka owó ẹyọ ní ọ̀kẹ́ mélòó kan láì mú pẹ́ńsùlù.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje 2014 ni àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, irọ́ kan gba orí tẹlifóònù alágbèéká ní òru, pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí ìyá. Àwọn kan dé ilé ìwòsàn, a sì gbọ́ pé àwọn mìíràn kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, ọpẹ́ ni fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irọ́ náà ní tí òótọ́ kò ní ní òru náà: ẹnu ará ilé ẹni ni ó ti jáde, ní èdè ilé ẹni. Ìkìlọ̀ tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń wá ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ta ni láti mú ògbufọ̀ náà wà ní ìmúrasílẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní ìbánisọ̀rọ̀?

A mọ ohun tí wọn yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ẹ̀kọ́ gíga bẹ́ẹ̀. Ta ni ó dá asọ̀rọ̀mágbèsì? Nígbà tí wọ́n gbé àpótí elérò-orin olókùn wọ Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn ará ìlú wò ó, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì gba èsì, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ. Nígbà tí amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá 1959, bákan náà ni wọ́n ṣe. Àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú àwọn yunifásítì wa ń fi Yorùbá kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń fi Yorùbá kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ti ṣe àkójọ èdè-ìperí tí ẹnikẹ́ni lè rà. Ilé wọn àti ilé àwọn oníbàánisọ̀rọ̀ kò jìnnà síra, àfi pé wọn kì í kí ara wọn.

Wọn yóò tún ní kò sí iṣẹ́ fún ẹni tí ó bá kọ́ ọ. Èyí yà wá lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù kejì 2018, BBC ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá, ó sì ń san owó fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Aláròyé fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1996, a sì ń du ú lọ́wọ́ ara wa. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ń polówó ọjà, wọ́n sì ń fi í bọ́ ìdílé wọn. Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní 2003, lè dá ìgboro dúró pẹ̀lú ohùn rẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ wà. Àwọn tí ó kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kò sí.

Èyí tí ó gba ìrònú jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó so Nàìjíríà pọ̀. A gbà. A kò ní kí a lé Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹni tí ó bá sì wí bẹ́ẹ̀ ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Ṣùgbọ́n láti 1970, nígbà tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, a ti rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èdè kan kì í lé èkejì jáde lórí ọmọ ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé kí a dúró de Abùjá. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni a ó fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́; ní oṣù kọkànlá 2025 ni mínísítà ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Àwọn ìpínlẹ̀ wa ní yunifásítì tiwọn. Gómìnà wa ni ń yan ìgbìmọ̀ tí ń darí wọn. Èkó ti fi hàn ní 2018 pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè ṣe òfin nítorí èdè Yorùbá bí ó bá wù ú.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì àwọn ìpínlẹ̀ wa má lè gba oyè láì kọ ìròyìn, kí ó sì kà á, ní Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, níwájú àwọn tí ó gbọ́ èdè náà. Kí a kọ́ wọn ní ògbufọ̀ bí iṣẹ́, pẹ̀lú ìdánwò. Kí a gba àyàn àti akéde bí olùkọ́, kí a sì san owó olùkọ́ fún wọn, kì í ṣe owó àlejò. Àwọn kan nínú ẹ̀yin Ọba wa ni ó jókòó lórí àga olórí alóyè ní àwọn yunifásítì. Ẹ ń wọ aṣọ wọn, ẹ ń fi ọwọ́ yín fi oyè lélẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ìgboyè tí ń bọ̀. Ẹ̀yin Ìjòyè, nígbà tí ọmọ akọ̀ròyìn bá na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí yín nínú ààfin, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn, kí ó lọ wá bí yóò ti kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ yìí ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn yunifásítì náà àti sí àwọn gómìnà wọn. Ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni ìwé náà wà, a sì fẹ́ kí àwọn Ọba àti Ìjòyè tí yóò fọwọ́ sí i ṣe bẹ́ẹ̀ kí oṣù tí a wà yìí tó parí.